Ǹjẹ́ àrùn mẹ́dọ̀wú B lè dí ọkùnrin lọ́wọ́ láti bímọ?
Obìnrin kan láti Ọ̀fà béèrè bóyá àrùn mẹ́dọ̀wú B tó ti pẹ́ lára ọkọ òun ni kò jẹ́ kí àwọn tíì bímọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń tọ́jú fítámì A pamọ́, òun náà ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń sọ fítámì D di èyí tí ara lè lò. Nítorí náà, bí àrùn bá ti bà á jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èròjà wọ̀nyí àti síǹkì, tí àtọ̀ nílò, lè dínkù. Ẹ̀dọ̀ tí ó ti le gbagidi kì í sì lè mú họ́mọ́ọ̀nù abo, tí ó máa ń wà díẹ̀ lára ọkùnrin, kúrò bó ṣe yẹ, èyí tí ó lè mú kí ọmú rẹ̀ wú, kí kórópọ̀n rẹ̀ súnkì, kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ sì rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ẹ̀dọ̀ wọn kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni ó ń bímọ. Kí ọkọ yín ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti àtọ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá, bóyá ní Ìlọrin. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára bí ẹ kò bá ní àrùn náà, nítorí pé ó ń ràn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Ní ti àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, èmi kò fọwọ́ sí i, nítorí ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn yẹn náà ni yóò tún ṣiṣẹ́ lé e lórí.