Àdídùn Japan: Èyí Tó Lè Rìnrìn Àjò àti Èyí Tí Kò Lè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Mo ra àdídùn ìbílẹ̀ àwọn ará Japan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé ìtajà kan ní Kyoto fún màmá mi, tí wọ́n jẹ ẹ́ nílé ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí páálí náà dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn tó rí bí òkèlè iyán ti le gbagidi. Wọ́n tẹ "25.11.04" sára òmíràn, mo sì rò pé láti ọdún 2004 ni. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí màmá. Ní ti nọ́ńbà yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọdún ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ ní Japan, kí oṣù àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni.

Daifuku ni èyí tó le: ìrẹsì alálẹ̀mọ́ ni wọ́n sè, tí wọ́n gún, tí wọ́n sì fi ẹ̀wà pupa kéékèèké tí à ń pè ní azuki, tí wọ́n ti pò mọ́ ṣúgà, sínú rẹ̀. Ẹ mọ bí iyán àná ṣe ń rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìrẹsì yìí ń ṣe. Ó dùn mí fún yín, nítorí pé namagashi (ọ̀kan nínú wọn ni daifuku), ìyẹn àdídùn tútù tí omi inú rẹ̀ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ohun tó yẹ kí oníṣòwò fi ránṣẹ́ sókè òkun bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni wọ́n ń jẹ púpọ̀ nínú wọn ní Kyoto gan-an. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìtajà náà, kí ẹ sì béèrè owó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e gbóná fún màmá.

Èyí tó lè rìn ni yokan àti higashi. Azuki, ṣúgà àti kanten, tí wọ́n ń rí lára ewéko inú òkun, ni wọ́n fi ń ṣe yokan. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì dì bíi mọ́ínmọ́ín tó ti tutù. Ṣúgà tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́, tí èyí tí wọ́n dì pa dáadáa fi lè tó ọdún kan láìṣí i. Higashi ní tirẹ̀ gbẹ táútáú. Inú àpótí igi tí wọ́n gbẹ́ bí òdòdó tàbí ewé ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, èyí tí wọ́n sì fi wasanbon ṣe, ìyẹn ṣúgà tó ń wá láti agbègbè Kagawa àti Tokushima ní Japan, máa ń yọ́ lórí ahọ́n kí eyín tó kàn án.

Bí ọjà yín kò bá ju pọ́n-ùn 135 lọ, ẹni tó ń tà á ló yẹ kó gba owó-orí ọjà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń sanwó. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n lè bi yín lówó nígbà tó bá dé.

Yokan kan ṣoṣo ni ǹ bá kọ́kọ́ rà fún màmá. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì gbé tíì tí kò ní ṣúgà tì í.