Agbọ́n aláwọ̀ ewé àti agbọ́n búlúù: ṣé ìran méjì ni wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, Kubwa, l'Ábújá, ni mò ń gbé. Agbọ́n kékeré kan tó ń dán máa ń wá síbi ilé amọ̀ tí agbọ́n kọ́ sára ògiri wa. Láàárọ̀, àwọ̀ ewé ni. Tó bá di ọ̀sán, búlúù. Áàpù orí fóònù mi pè é ní orúkọ méjì. Ẹ bá mi fi fọ́tò yìí yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣé ó lè ta ọmọ? Ọkùnrin kan ní Wuse náà fẹ́ rà á, ó ní wúrà wà lára rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ lé ọkùnrin yẹn dànù. Kò sí wúrà lára kòkòrò kankan, ó sì ti sú mi láti máa tún un sọ.

Ìbéèrè yín gan-an, ibi àwọ̀ ló ti wọ́. Mọ̀mí, ẹ wo ọrùn ẹyẹlé. Ẹ wo epo pẹtiróòlù tó dà sórí omi òjò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ta ló kùn wọ́n lọ́dà? Èèpo ara agbọ́n yìí ní ìpele tínrín-tínrín tí ìmọ́lẹ̀ ń ta padà lára wọn. Ẹ yẹ̀ sápá kan, àwọ̀ náà yẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ń rí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ọ̀kan nínú irú agbọ́n tó ń dán báyìí wà nílẹ̀ Áfíríkà tó ń jẹ́ Stilbum cyanurum, inú ilé amọ̀ àwọn agbọ́n mìíràn ló ń yé sí. Ìran kan náà ni, síbẹ̀ òmíràn jẹ́ àwọ̀ ewé, òmíràn búlúù, òmíràn pupa bíi bàbà. Ẹ wá wo ti Yúróòpù, Chrysis ignita, tí Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ọmọ Sweden, sọ lórúkọ lọ́dún 1758: iwájú búlúù, ìdí pupa. Ọ̀pọ̀ ìran ló jọ ọ́ bí ìbejì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé wọn lórí.

Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, eyín là ń wò. Kì í ṣe ti ẹnu o: etí abala ìkẹyìn ikùn rẹ̀ máa ń ní ṣóńṣó bíi ti ayùn. Stilbum ní mẹ́rin. A tún ń wo ihò wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, iṣan ìyẹ́ àti ojú, lábẹ́ awò amú-nǹkan-tóbi. Nígbà mìíràn, àfi kí a yẹ nǹkan ọkùnrin akọ wò, tàbí DNA. Fọ́tò tí ẹ dúró lókèèrè yà? Mi ò lè búra sí i.

Ní ti títa, púpọ̀ nínú àwọn agbọ́n tó ń dán yìí kò lè ta ènìyàn; tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ṣe ni yóò ká jọ bíi bọ́ọ̀lù. Agbọ́n tó kọ́ ilé amọ̀ yẹn ló lè ta yín tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Èmi kì í ṣe dókítà. Bí kòkòrò bá ta ọmọ, tí ojú rẹ̀ wú tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, ọsibítù ni kíá, ẹ má kọ̀wé sí mi.

Tí ẹ bá rí òkú rẹ̀, ẹ fi òwú tẹ́ inú páálí ìṣáná, kí ẹ gbé e sí i. Ẹ bi wọ́n ní ilé àkójọ kòkòrò Yunifásítì Ahmadu Bello, ní Samaru, Zaria, bóyá wọ́n á bá yín wò ó. Kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i sí i, pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, bírò máa ń ṣí.