Bí solenoid bá há, ọwọ́ ni kí ẹ fi pa sìlíńdà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrójú o. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ jí láàárọ̀ ní Ìkòròdú, ẹ bá àwọn ẹja yín lójú omi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, pH táǹkì (bó bá lọ sílẹ̀, omi ti ń kan nìyẹn) ti já wá sí 7.3, gáàsì CO2 sì ń hó nínú bubble counter (ìgò kékeré tí a fi ń ka bí gáàsì ṣe ń kọjá) débi pé kò ṣeé kà mọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra pH controller (ẹ̀rọ tó ń ṣí gáàsì bí pH inú reactor bá ga, tó ń pa á bó bá lọ sílẹ̀) tó dára ju èyí tí ẹ ní lọ, tàbí kí ẹ kúkú kó gbogbo ẹ̀rọ CO2 tó wà fún calcium reactor yín (ìkòkò òkúta tí gáàsì yìí ń yọ́ kí iyùn lè rí èròjà tó fi ń dàgbà) dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àgbádárìgì níbí ni mo ti ń sin ẹja omi iyọ̀ àti iyùn, irú nǹkan yìí ti kó ẹja lọ lọ́wọ́ mi rí, ó sì dùn mí gan-an.

Bí ẹja yín bá ṣì ń jà, fáàfù orí sìlíńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá. Ẹ fi ọwọ́ yí i pa pátápátá. Kì í ṣe wáyà ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ, torí solenoid (fáàfù oníná tó ń ṣí ọ̀nà gáàsì tó sì ń pa á) tó bá ti há ní ṣíṣí, ẹ yọ wáyà rẹ̀ o, ẹ ò yọ ọ́ o, gáàsì á ṣì máa kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé ẹnu pọ́ǹpù sókè kí ojú omi máa rú, ẹ ju òkúta afẹ́fẹ́ méjì mẹ́ta sí i. Ọ́síjìn lè pọ̀ nínú omi kí ẹja ṣì máa jà fún èémí, nítorí CO2 tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ríbi jáde sí nígbà tí èyí tó wà nínú omi ti pọ̀ jù. Omi tó ń rú ló ń lé e lọ.

Ẹ má da sódà sí i, ẹ má da oògùn kankan tó ń gbé pH sókè sí i. Bí gáàsì bá ti ń jáde, pH á máa gòkè padà fúnra rẹ̀. Ẹ rántí pé ní gbogbo òru yẹn, gáàsì àpọ̀jù ń yọ́ òkúta inú reactor, nítorí náà alkalinity yín (ìwọ̀n èròjà inú omi tí kì í jẹ́ kó tètè kan) lè ti ròkè kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ohun tí ẹ bá dà sí i á gun orí èyí, iyùn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ná. Bó bá wà láàárín 7 sí 11 dKH (òṣùwọ̀n alkalinity), ẹ fi í sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ sáré pààrọ̀ omi. Kò burú, àmọ́ kí ó jẹ́ omi tó ní iyọ̀ tó yẹ. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, mo ti rí ẹni tó lọ bu omi ọ̀sà torí pé ó wà lẹ́yìnkùlé. Omi ọ̀sà kì í ṣe omi òkun, omi odò àti omi òjò ti là á. Ó dìgbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Gberefu, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, kí ẹ tó bá òkun gan-an, níbẹ̀ náà, ẹ wọ̀n ọ́n bóyá ó tó 1.025 (specific gravity, ìwọ̀n tó ń fi bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó hàn), àgàgà lásìkò òjò.

Ó wá ku ohun tó fà á. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí èmi, mo tú solenoid náà sórí tábìlì. Irin róbótó kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, ó ní rọ́bà ní ìdí. Irin yìí ni iná ń fà sókè kí gáàsì lè kọjá, sípíríǹgì ló sì ń tì í padà bí iná bá kúrò. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan ti le gbagidi láàárín irin náà àti ihò rẹ̀, ẹ̀mú ni mo fi fà á kó tó jáde. Iyọ̀ funfun sì ti gbẹ mọ́ etí rọ́bà yíká. Omi táǹkì ti dé ibẹ̀! Bí gáàsì bá dáwọ́ dúró, èyí tó kù nínú ọ̀pá á máa yòrò sínú omi reactor, omi náà á sì máa gun ọ̀pá bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Check valve (fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi gba ọ̀pá padà) ló yẹ kó dá a dúró, ṣùgbọ́n rọ́bà inú àwọn oníke kì í pẹ́ gan. Ẹ fi ẹnu fẹ́ tiyín láti ẹ̀yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjá, ẹ jù ú nù. Méjì ni mo ń lò báyìí, onírin ni méjèèjì, ọ̀kan ṣáájú bubble counter, ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní sọ pé kí ẹ lọ ra controller olówó ńlá. Controller kò mọ ohun mìíràn ṣe ju kó fún solenoid níná, tàbí kó gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀. Solenoid tó há kò gbọ́ tirẹ̀. Bí probe (ọ̀pá tó ń wọn pH fún controller) bá sì ti gbó, tó ń pe 6.4 ní 6.9, controller fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣí gáàsì sí i. Oṣooṣù ni mo ń fi omi ìdíwọ̀n pH 4 àti 7 yẹ ti inú reactor wò.

Ẹ yẹ régúlétọ̀ náà wò, èyí tó wà lórí sìlíńdà tó ń dín agbára gáàsì kù. Ṣé sìlíńdà yín ti fẹ́ẹ̀ tán lọ́jọ́ yẹn? Nínú ọ̀pọ̀ régúlétọ̀ onípele kan (èyí tó ń dín agbára náà kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo), agbára gáàsì tó ń ti inú sìlíńdà bọ̀ wà lára ohun tó ń ti ẹnu ọ̀nà kékeré inú rẹ̀ pa. Bí agbára yẹn bá ti ń lọ sílẹ̀, sípíríǹgì á borí, ẹnu ọ̀nà á là sí i, gáàsì tó ń jáde á pọ̀ sí i nígbà tó yẹ kó dín kù. Onípele méjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, òun ni kí ẹ rà.

Ẹ má sì fi gẹ́ẹ̀jì mọ iye gáàsì tó kù. Níwọ̀n ìgbà tí CO2 tó ti di omi bá ṣì wà nínú sìlíńdà, ooru yàrá ni gẹ́ẹ̀jì ń sọ fún yín. Ní ìwọ̀n ooru 20, nǹkan bíi 830 psi (òṣùwọ̀n agbára gáàsì) ni, ní 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,050. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò. Wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n sìlíńdà òfìfo sára rẹ̀ lókè, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ. Bó bá ku ìdá kan nínú márùn-ún, èmi ti gbé e lọ rọ nìyẹn.

Ẹ tún wo ibi tí ẹ ki wáyà sí. Bí solenoid bá wà lórí inverter, tí pọ́ǹpù reactor kò sí níbẹ̀, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, gáàsì á máa wọlé sínú omi tí kò rìn. Ojú kan náà ni kí méjèèjì ti máa gba iná.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé yàrá àwọn ọmọ ni sìlíńdà kílò 5 yẹn wà. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lónìí. Kílò 5 CO2 bá jò tán, ó lé ní lítà 2,500 gáàsì. Yàrá tó jẹ́ mítà 3 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga kò gbà ju lítà 27,000 lọ, ìyẹn ni pé ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Kò ní òórùn, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ tí ọmọ ń sùn sí ló máa ń gbá jọ sí. Ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gan-an ti léwu fún ẹ̀mí. Fàráńdà ni tèmi wà lábẹ́ ìbòòji, ó dúró ṣánṣán, mo fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló gba ara ògiri wọlé. Mo máa ń fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ bí mo bá ti pààrọ̀ sìlíńdà. Bí skimmer yín (ẹ̀rọ tó ń fi ìhó kó ìdọ̀tí inú omi) bá ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ẹ na ọ̀pá afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde láti ojú fèrèsé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gáàsì tó bá jò á tún gba ibẹ̀ wọnú omi.

Ní ti kíkó ẹ̀rọ dànù, mi ò fara mọ́ ọn. Bí iyùn yín bá pọ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, calcium reactor ṣì dára fún un. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí sìlíńdà wà ní pípa, ẹ máa wọn alkalinity lójoojúmọ́, kí ẹ sì tú solenoid yẹn. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá nínú rẹ̀ fún mi, kí ẹ sì sọ iye tí sìlíńdà wọ̀n, ká lè mọ èwo nínú méjèèjì ló ṣe é.