Ṣé kí ẹni tójú ẹ̀ ò ní nǹkan kan máa lo fítámì ojú?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Macular degeneration, àìsàn tó máa ń ba àárín ẹ̀yìn ojú jẹ́, ló ń ṣe màmá mi, wọ́n sì kọ fítámì AREDS2 fún wọn. Àbúrò mi tó wà l'Amẹ́ríkà wá fi ike méjì ránṣẹ́ sí mi, ó ní kémi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kó má bàa ṣe mí. Ọmọ ọdún 46 ni mí, wọ́n yẹ ojú mi wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ̀yin ẹ má lò ó. Ẹ gbé ike méjèèjì fún màmá, tó bá ṣáà ti jẹ́ irú èyí tí dókítà wọn kọ gan-an.

National Eye Institute tìjọba Amẹ́ríkà ló ṣe ìwádìí ẹ̀, àkọ́kọ́ jáde ní 2001, èkejì ní 2013, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ẹni tí àìsàn yìí ti kọjá ìbẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀, tàbí tó ti ba ojú kan jẹ́ tó wá ku ìkejì, tó bá ń lò ó, ewu pé á le sí i láàárín ọdún 5 á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Àmọ́ ẹni tójú ẹ̀ ò ní nǹkan kan, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, wọn ò rí àǹfààní kankan tó ṣe fún un.

Kì í sì í ṣe fítámì kékeré o. Síǹkì mílígíráàmù 80 ló wà nínú ẹ̀ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ 8 péré lobìnrin àgbà nílò, ọkùnrin 11, ó lè da inú èèyàn rú. Èyí tó ti pẹ́ tó ní beta-carotene (èròjà tí ara ń sọ di fítámì A) nínú, ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, torí ó ń dá kún ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé fítámì yìí máa ń fi àwọn kan lọ́kàn balẹ̀ títí ojú á fi lọ. Bàbá kan yọ ike fítámì jáde nínú náílọ́ọ̀nù fún mi, oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń lò ó torí ojú wọn ń ṣú. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú kan kí wọ́n máa wo imú mi, mo wá ń gbé ìka bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ìka mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú wọn kí wọ́n tó ní àwọn rí i. Glaucoma ni, àìsàn tó máa ń ba iṣan ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, fítámì kankan ò sì lè wò ó.

Torí ti màmá, ewu tiyín ju ti ẹlòmíì lọ lóòótọ́, ẹ máa jẹ́ kí wọ́n kán oògùn sójú yín lọ́dọọdún kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn ojú dáadáa. Ẹ jìnnà sí sìgá. Ẹ máa jẹ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ẹ̀fọ́ ugu àti ẹyin, lutein, ọ̀kan lára èròjà tó wà nínú ike yẹn, wà níbẹ̀, epo tẹ́ ẹ fi sè é ló sì ń jẹ́ kára gbà á. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dijú kan, ẹ wo ìlà táìsì ilé ìwẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tún dìkejì. Tí ìlà tó gún bá ń wọ́, tàbí tí àárín ẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò o, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.