Orúnkún ọmọ mi ró "páà!"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, ń gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù. Bó ṣe balẹ̀, orúnkún rẹ̀ ró "páà!", ó sì wú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. — Ìyá Eléré, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ìyá Eléré, ẹ pẹ̀lẹ́. Kì í ṣe ayé o. Ó jọ pé iṣan tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun ló já. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń já láìsí ẹni tó kọlu èèyàn, ó sì ń ṣe àwọn obìnrin ju ọkùnrin lọ. Òun ni kò jẹ́ kí Leah Williamson àti Beth Mead, àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin, bá England lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin 2023.

Nínú iṣẹ́ mi, bí ọmọ ṣe ń balẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Bí orúnkún méjèèjì bá ń wọnú bí ẹni fẹ́ kọlu ara wọn, àyà mi á já. Ìbàdí àti ẹ̀yìn itan tí kò lágbára tó ló ń fa ìyẹn. Àárẹ̀ ń dá kún un. Ẹni tí iṣan yìí bá sì ti já fún rí ló tún tètè ń já fún.

Ẹ jọ̀ọ́, kó má fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí dókítà eegun á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá já lóòótọ́, kó má padà sí pápá kí oṣù 9 tó pé, bó ti wù kó sunkún tó. Ẹ bá kóòṣì wọn sọ̀rọ̀ nípa FIFA 11+: ìdárayá ogún ìṣẹ́jú ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ẹgbẹ́ ni kó ṣe é, kì í ṣe ọmọ yín nìkan.