Ṣé fèrè fífun lè rọ́pò ẹ̀rọ èémí ọkọ mi?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi máa ń hanrun gan-an. Níbi tó ti ń hanrun, èémí rẹ̀ á dákẹ́, á sì ta jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní sleep apnea, ìyẹn àìsàn tí èémí fi máa ń dúró lójú oorun, pé tiẹ̀ sì le. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbòmú kí ọ̀nà èémí má bàa pa dé, ṣùgbọ́n ìbòmú rẹ̀ ń ni ín lára. Wọ́n wá sọ fún un pé fèrè fífun ń wo àìsàn yìí. Ó máa ń fun trumpet ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kó pa ẹ̀rọ náà tì?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, kó má pa á tì o.

Bí a bá sùn, iṣan ahọ́n àti ọ̀fun máa ń dẹ̀. Lára ẹlòmíì, ó máa ń dẹ̀ débi pé ọ̀nà èémí á pa dé, àfi ìgbà tí ọpọlọ bá ta onítọ̀hún jí. Èémí tó ń dúró báyìí lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹni náà máa ru. Torí náà, ohun tó bá ń fún iṣan yẹn lágbára lè ṣèrànwọ́ lóòótọ́.

Ní Switzerland, wọ́n kó èèyàn 25 tí tiwọn kò tíì le jù jọ, wọ́n sì kọ́ 14 nínú wọn ní didgeridoo, fèrè onígi gígùn tí àwọn onílẹ̀ Ọsirélíà ń fun. Lẹ́yìn oṣù 4, oorun ọ̀sán wọn dínkù, èémí wọn kò sì dúró tó ti tẹ́lẹ̀. Ó dínkù ni o, kò tán.

Ẹni tó ń fun didgeridoo kì í dánu dúró mí. Trumpet inú ṣọ́ọ̀ṣì kò rí bẹ́ẹ̀, ìwádìí kò sì tíì fi hàn kedere pé ó ń dáàbò bo ẹni tó ń fun ún. Ọkọ yín lè fi omi kọ́ irú èémí yẹn: kó ki straw bọ inú ife omi, kó máa fẹ́ ẹ kí omi máa hó, kó sì kó atẹ́gùn díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ṣe ń ti ìyẹn jáde, kó fi imú fa òmíràn. Tí omi kò bá dẹ́kun híhó, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò la fèrè lọ. Kó fi ṣóńṣó ahọ́n kan òkè ẹnu, kó máa wọ́ ọ lọ sẹ́yìn. Kó tún lẹ gbogbo ahọ́n mọ́ òkè ẹnu, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn dáadáa. Ní São Paulo, ní Brazil, lára àwọn tó ṣe irú eré ìdárayá báyìí fún oṣù 3, iye ìgbà tí èémí wọn ń dúró tàbí tó ń dínkù lójú oorun bọ́ láti nǹkan bí ìgbà 22 ní wákàtí kan sí 14. Ó gba sùúrù, ojoojúmọ́ ni.

Ní ti ìbòmú, ẹ gbé e padà fún àwọn tó fún un. Oríṣiríṣi ìwọ̀n ló wà, wọ́n sì lè fi èyí tó ń fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́ sí i. Tí wọn kò bá tíì tún oorun rẹ̀ yẹ̀ wò, kó má fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Bí oorun bá sì ń kùn ún lọ́sàn-án, ẹ má jẹ́ kó wakọ̀.