Èsì: Kí ló dé tí ìlù àdánìkanlù fi ń sú èèyàn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ó sú yín nígbà tí onídùrọ́ọ̀mù dá nìkan lù níbi àríyá Ìbarà, ẹ wá ń bi wá bóyá etí yín ni kò gbọ́ orin. Etí yín ò ṣe nǹkan kan o.

Ẹni tó wà ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta, níbi Àjọ̀dún Ìlù Áfíríkà lọ́dún 2018 á mọ̀ pé onídùndún lè lù títí láìsí akọrin, kí àwọn èèyàn sì jókòó tì í. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ ni! Ó ń kini, ó ń pòwe, ó ń fi ahun ṣe yẹ̀yẹ́ (èyí ni mo fẹ́ràn jù). Gúdúgúdú ò kúrò lójú kan lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀ lé. Onídùrọ́ọ̀mù tó dá wà ní láti fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn a kàn máa sáré, wọn a máa fọ́ páànù mọ́ wa létí, ijó a sì sọnù. Ìgbà yẹn lèmi náà máa ń lọ wá omi tútù.

Ẹ wá ìlù tí Tony Allen, onílù Fẹlá, àti Ginger Baker, onídùrọ́ọ̀mù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jọ lù ní Berlin lọ́dún 1978 gbọ́. Ó tó ìṣẹ́jú 16, àmọ́ ẹ fetí sí Allen: ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kì í sáré.

Ní ti onílù tiyín, ìṣẹ́jú méjì ti tó o, kí oníbáàsì má sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.